Bí mo ṣe fi fúláwà kún iwájú ilé wa ní Akobo

Màmá mi máa pé àádọ́rin ọdún lóṣù kọkànlá, àwa ọmọ sì ti fẹnu kò pé a ò gba họ́ọ̀lù kankan, iwájú ilé náà ti tó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé iwájú ilé ọ̀hún ò ní nǹkan kan ju erùpẹ̀ pupa, búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n mọ fẹ́ǹsì, àti igi ìbẹ́pẹ kan tó dá dúró bí ẹni tí wọ́n gbàgbé sí gáréèjì. Mo lọ bá àwọn tó ń ta fúláwà lẹ́bàá títì, mo ní kí wọ́n bá mi ṣírò ohun tó máa gba ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì yẹn já, nígbà tí wọ́n dárúkọ owó mo rẹ́rìn-ín, mo kí wọn pé wọ́n kú ọjà, mo bá tèmi lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń rẹ́ni jẹ o, ìkòkò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tà, a sì nílò tó ọgọ́rùn-ún. Mo wá ń rò ó nínú ọkọ̀ pé Ìbàdàn níbí náà ni wọ́n dá NIHORT, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn ti ìjọba, sílẹ̀ sí lọ́dún 1975, ní Ìdí-Iṣin lọ́hùn-ún, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ èso, ewébẹ̀ àti òdòdó ni iṣẹ́ wọn, kò wá yẹ kó jẹ́ ìlú yìí ni òdòdó ti máa wọ́n mi. Bí mo ṣe pinnu pé màá gbìn ín fúnra mi nìyẹn, láti kóró àti láti ẹ̀ka.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé kékeré mi látìgbà yẹn ni mo kó síbí. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti ń bú èèrà kúrò.

Sátidé àkọ́kọ́ oṣù keje

Mo ra sáṣẹ́ẹ̀tì kóró mẹ́rin: zinnia, marigold, cosmos, àti celosia, ìyẹn èyí tí orí ẹ̀ máa ń rí bí ogbe àkùkọ. Mo délé, mo yí ẹ̀yìn sáṣẹ́ẹ̀tì padà kí n ka bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Ó ní kí n gbìn ín sínú ilé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú kí yìnyín ọdún yẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀. Yìnyín wo ní Akobo? Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, wọ́n ní bóyá inú fíríìsà ni kí n gbìn ín sí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìnyín yẹn ló là mí lójú, torí mo jókòó tì í, mo ń ka nǹkan kiri títí iná fi lọ. Ohun tí àwọn òyìnbó ń pè ní annual, òdòdó ọlọ́dún kan, oríṣi méjì ni wọ́n kó pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan náà. Àwọn kan wà tí ẹ̀mí wọn kúrú lóòótọ́, wọ́n á hù, wọ́n á tanná, wọ́n á so, wọ́n á kú, ibi yòówù kẹ́ ẹ gbìn wọ́n sí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo rà yìí wà lára wọn. Àwọn kejì ni àwọn tó jẹ́ pé òtútù ilẹ̀ wọn lọ́hùn-ún ló ń pa wọ́n, kì í ṣe ọjọ́ orí. Coleus, ewé aláràbarà tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn yẹn, ilẹ̀ gbígbóná Éṣíà ló ti wá. Vinca, èyí pupa rẹ́súrẹ́sú tó ní ojú láàárín, ará Madagascar ni. Ẹ gbé àwọn wọ̀nyí dé Ìbàdàn, ta ló fẹ́ sọ fún wọn pé ọdún ti parí? Wọ́n á máa lọ ni.

Mo wá pín iṣẹ́ yìí sí ọ̀nà méjì. Èyí tó máa kú, kóró ni màá fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Èyí tí kì í kú, kí ni mo fẹ́ ra kóró ẹ̀ sí, ẹ̀ka ni màá lọ tọrọ.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì ẹ̀

Mo kọjá sọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì ní òdìkejì, torí coleus tiwọn ti gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé wọn kan. Mo kúnlẹ̀, mo ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o mà, ẹ̀ka fúláwà ni mo wá tọrọ." Wọ́n wò mí. "Ewé yìí náà? Gé e. Àmọ́ èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn, o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o, òun lojú ilé mi." Èyí tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn náà ló sì wù mí jù, pupa bí ẹ̀jẹ̀, etí ẹ̀ ní yẹ́lò. Mo gbójú kúrò lára ẹ̀.

Mo gé mẹ́rìnlélógún. Bí wọ́n ṣe ń gé e nìyí: ẹ wá orí ẹ̀ka tó ṣì rọ̀ àmọ́ tí kò rọ jù, kó gùn tó ìka àárín, kẹ́ ẹ wá fi bíléèdì tó mú gé e ní abẹ́ oríkèé, níbi tí ewé ti so mọ́ igi, torí abẹ́ oríkèé yẹn ni gbòǹgbò ti máa ń yára yọ. Ẹ já ewé ìsàlẹ̀ dànù, ẹ fi méjì tàbí mẹ́rin sílẹ̀ lókè. Tó bá ti ń rudi, ẹ já ìrudi ọ̀hún kúrò, torí tí ẹ̀ka bá ń ronú òdòdó kì í ronú gbòǹgbò. Bíléèdì ni mo lò, mo sì fi iná ìṣáná ra á lójú kí n tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe sísọ́ọ̀sì ilé ìdáná tó ti gé ẹja láàárọ̀.

Mo fi méjìlá sínú omi nínú ìgò jáàmù, mo gbin méjìlá tó kù sínú yanrìn nínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Ẹ má fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ṣeré o, tẹ́ ẹ bá gé etí ẹ̀ kan, tẹ́ ẹ lu ihò mẹ́ta mẹ́rin sí ìdí ẹ̀, kò sí ìkòkò tó dáa tó o fún ọ̀gbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìyẹn

Gbòǹgbò ti yọ nínú ìgò! Funfun, tín-ín-rín, bí òwú. Inú mi dùn débi pé mo fi í sílẹ̀ kó tún gùn sí i, àṣìṣe sì nìyẹn. Èyí tí mo ṣí kúrò nígbà tí gbòǹgbò ẹ̀ ò ju èékánná lọ ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ti kúrò nínú omi. Èyí tí mo fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ kẹta, tí gbòǹgbò ẹ̀ ti dì bí irun tí wọn ò yà, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló fi rọ nínú erùpẹ̀, méjì sì kú. Gbòǹgbò tó hù nínú omi, omi ló mọ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ńbẹ̀ jù. Àwọn ti inú yanrìn ò fún mi ní wàhálà, mẹ́wàá nínú méjìlá ló yè, láìjẹ́ pé mo rí gbòǹgbò kankan lójú, mo kàn ń fà wọ́n díẹ̀díẹ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti di ilẹ̀ mú. Bí mo bá tún fẹ́ ṣe é, yanrìn ni.

Vinca ló dójú tì mí. Bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí ló gé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún mi, oje funfun ń kán lójú ibi tí wọ́n gé e, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún mi pé "omi ni ọ̀tá ẹ̀ o, ọmọ mi." Mo gbọ́ àmọ́ mi ò gbọ́. Mo lọ gbìn ín sínú ilẹ̀dú tó ṣe dáadáa, mo gbé e síta, òjò oṣù keje pa á fún ọjọ́ mẹ́ta. Mọ́kànlá jẹrà láti ìsàlẹ̀ wá, ẹ̀ka wọn dúdú bí èédú. Mẹ́rin tó kù, mo sáré gbé wọn sábẹ́ òrùlé, mo tún wọn gbìn sínú yanrìn nìkan, mi ò sì bomi rin wọ́n àfi tí ojú yanrìn bá gbẹ. Mẹ́rin yẹn ni ìyá gbogbo vinca tí mo ní báyìí, torí nígbà tí wọ́n dàgbà mo gé orí wọn, mo sì tún gbin orí ọ̀hún.

Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù keje: márígóòdù kú

Mo ti gbin marigold sínú tíréè fóòmù tí wọ́n fi ń kó ẹyin tólótòló wá, ọjọ́ karùn-ún ni ó hù, gbogbo ẹ̀ pátá, ó tò bí ọmọ iléèwé lórí lainì. Mo fọ́n omi sí i láàárọ̀, mo fọ́n ọn lálẹ́, mo da ọ̀rá bò ó kó má bàa gbẹ. Mo jí lọ́jọ́ kẹta, díẹ̀ ti dùbúlẹ̀ ní igun kan. Mo rò pé eku ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ ìdajì ti dùbúlẹ̀. Ewé wọn ṣì tutù yọ̀yọ̀ o, ọrùn wọn ló rà, ibi tí igi ti kan ilẹ̀ yẹn ló ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú tó já. Ọjọ́ méjì, kò ku ẹyọ kan.

Olú tín-tìn-tín tó ń gbé inú erùpẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, omi púpọ̀ àti ibi tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ ló máa ń wá, èmi ni mo sì ṣe ilé fún un: ilẹ̀dú tí mo wà lẹ́yìn ilé, ìgbẹ́ adìẹ tí kò tíì jiná, ọ̀rá lórí, omi lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Tí wọ́n bá ní kí n pe ẹjọ́, ara mi ni màá pè.

Ìgbà kejì, mo gbé agbada sórí iná, mo bu erùpẹ̀ sí i, mo wọ́n omi sí i kó lè ru, mo bò ó, mo jẹ́ kó gbóná débi tí ọwọ́ ò lè wà nínú ẹ̀, mo sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30. Màmá ti wá kí wa lọ́jọ́ náà. Wọ́n yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Gààrí wo lò ń dín yìí?" Mo ní "Erùpẹ̀ ni mà." Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n wọlé lọ, mo sì ń gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

Erùpẹ̀ yẹn tutù tán, mo pò ó: ilẹ̀dú ìdá kan, yanrìn ìdá kan, ìyẹ̀fun pákó tó ti jẹrà dúdú ìdá kan, èyí tí mo bu ní Bódìjà níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Ẹ má lo èyí tó ṣì pupa tútù o, á fa gbogbo agbára inú erùpẹ̀ mọ́ra, ewé ọ̀gbìn yín á di yẹ́lò. Mo tún gbin márígóòdù, mi ò dé e, mi ò sì bomi lé e lórí mọ́, ńṣe ni mo ń gbé tíréè ọ̀hún lé inú ọpọ́n omi kó fà á láti ìdí, tójú erùpẹ̀ bá ti tutù mo gbé e kúrò. Kò sí ọrùn tó rà.

Orúkọ tí wọ́n kọ sára sáṣẹ́ẹ̀tì yẹn tún ń pa mí lẹ́rìn-ín: African marigold. Mexico ni igi yìí ti wá o, kò mọ Áfíríkà rí títí tí àwọn èèyàn fi gbé e wá. Zinnia náà, Mexico, orúkọ dókítà ará Jámánì kan, Zinn, ni wọ́n sọ ọ́. Ká ṣáà máa wò.

Ìparí oṣù keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ

Celosia ò hù. Kóró ẹ̀ kéré bí hóró yanrìn, dúdú, ń dán, ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń fọ́n ọn sí láì bò ó. Mo dúró ọ̀sẹ̀ kan, méjì. Mo wá rí i ní ọ̀sán kan tí èèrà tò láti tíréè mi lọ sí abẹ́ búlọ́ọ̀kù, oníkálukú gbé kóró dúdú kan lérí, wọn ò tiẹ̀ sá fún mi. Èyí ni ibi tí mo ní mo ti yọ ọ̀rọ̀ kúrò.

Ohun tó ṣiṣẹ́ ni ohun tí ìyá bàbá mi máa ń ṣe fún àpótí oúnjẹ: mo gbé tábìlì kékeré kan, mo fi ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú agolo omi, mo kó gbogbo nọ́sìrì mi sórí ẹ̀. Èèrà ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Kóró celosia tó ṣẹ́ kù nínú sáṣẹ́ẹ̀tì hù ní ọjọ́ kẹfà, mo rí bí ọgbọ̀n.

Zinnia àti cosmos, mi ò fi wọ́n sí nọ́sìrì rárá, wọn ò fẹ́ kí wọ́n máa ṣí wọn kiri. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ lóṣù kẹjọ bó ṣe máa ń ṣe, mo gbẹ́ ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì, mo kó ilẹ̀dú sí i, mo ju kóró síbẹ̀ tààrà. Zinnia hù ní ọjọ́ kẹrin. Kóró ẹ̀ fẹ̀, ó rí bí orí ọfà, ọmọdé lè gbìn ín, tó bá jẹ́ pé èyí ni ẹ máa kọ́kọ́ gbìn láyé yín, òun ni kẹ́ ẹ mú.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Màmá pè mí. Wọ́n ní "O ń gbin fúláwà òyìnbó kiri, ṣé tannápoṣó wà ńbẹ̀?" Mo ní kò sí. Wọ́n ní "Há." Há yẹn nìkan. Mo mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ní agboolé ìyá wọn ní Kúdẹtì, tannápoṣó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń fọ́ kóró dúdú ẹ̀, ìyẹ̀fun funfun wà nínú ẹ̀, wọ́n á fi kun ojú bíi páúdà, wọ́n á ṣe ìyàwó. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Kúdẹtì lọ́jọ́ Àìkú. Ògiri ti wó lápá kan, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sápá kejì, àmọ́ tannápoṣó wà ńbẹ̀ láàárín, kò sẹ́ni tó bomi rin ín rí. Mo ṣa kóró nílẹ̀, bí ìkúnwọ́ kan. Mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo gbìn ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbẹ́pẹ, ọ̀sẹ̀ kan ó ti jáde. Kò ná mi ju owó ọkọ̀ lọ.

Oṣù kẹsàn-án: gígé orí

Cosmos tanná nígbà tí kò tíì kọjá orúnkún mi. Sáṣẹ́ẹ̀tì ní ó máa gùn ju mítà kan lọ. Mo kọ́kọ́ ro pé ilẹ̀ mi ni kò dáa. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé gígùn ọjọ́ ni cosmos ń kà, tí ọjọ́ bá ti kúrú ó gbà pé àsìkò òdòdó ti tó. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, oòrùn máa ń wà lójú ọ̀run títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ẹ́ má ṣú nígbà ooru wọn, igi á fi máa ga ní tiẹ̀. Níbí, láti January dé December, ojúmọmọ wa ò ju bíi wákàtí 11 ààbọ̀ sí 12 ààbọ̀ lọ. Torí náà àwọn òdòdó bẹ́ẹ̀ máa ń kánjú lọ́dọ̀ wa, wọ́n á bímọ kí wọ́n tó dàgbà.

Oògùn ẹ̀ ni gígé orí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí torí òun ló yí iṣẹ́ mi padà. Tí ọ̀gbìn bá ti ní ewé bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ, ẹ fi èékánná já ṣóńṣó orí ẹ̀. Ó máa ń dunni, bí ẹni gé irun ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Àmọ́ orí yẹn ló ń dá àwọn ẹ̀gbẹ́ dúró, bẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́, ní abẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀ka máa ti yọ, dípò òdòdó kan ẹ máa rí mẹ́rin, mẹ́fà, igi á sì sanra. Mo ṣe zinnia, mo ṣe márígóòdù. Ìdajì zinnia ni mo gé nítorí ẹ̀rù, lónìí ẹ lè fi ojú dá wọn mọ̀ láti géètì, àwọn tí mi ò gé dúró gbọọrọ bí òpó iná, tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wọ́n á ṣubú.

Orí márígóòdù tí mo já yẹn, ó dùn mí láti dà á nù. Mo ti mójú kúrò lára ìpín tí mo pín níjọ́sí, pé èyí tó ń kú kóró ló ni ín, mo kàn ki méjìdínlógún bọ yanrìn láti fi ṣeré. Lọ́jọ́ kejìlá mo fa ọ̀kan, kò jáde. Mẹ́tàlá ló ta gbòǹgbò! Wọ́n tiẹ̀ tanná ní kíákíá ju ìyá wọn lọ, kúkúrú, wọ́n ṣe é bí ẹni pé wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ tò wọ́n sí etí tábìlì. Ìpín mi ti fọ́ nìyẹn. Ohun tó kú ni pé márígóòdù máa kú bó bá yá, àti kóró àti ẹ̀ka, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ló jẹ mí lówó, mo sì fi di méjì.

Oúnjẹ wọn: jogbo. Ẹ mọ̀ ọ́n, igbó tó máa ń yọ òdòdó yẹ́lò bẹẹrẹ lẹ́bàá títì tí òjò bá ti fẹ́ lọ, òun náà ará Mexico ni, wọ́n kó gbogbo ara wọn wá bá wa. Mo gé ewé ẹ̀ kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo da omi sí i, mo dé e fún ọ̀sẹ̀ méjì. Òórùn ẹ̀ ò ṣeé ròyìn. Ayálégbé òkè ní àwọn rò pé sọkaàwéè ló bẹ́. Ife kan nínú omi ife mẹ́wàá, ìdí igi ni kẹ́ ẹ da á sí, ewé wọn á dúdú minimini.

Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kẹwàá: ewúrẹ́

Ẹni tó gbé omi wá ò ti géètì. Nígbà tí mo máa fi ti ibi iṣẹ́ dé, ewúrẹ́ mẹ́ta àdúgbò ti jẹun yó. Zinnia ìdí géètì, ó di ìṣẹ́pẹ́. Coleus, wọ́n jẹ ẹ́ kan igi. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù. Ìgbà tí ojú mi wálẹ̀ ni mo rí i pé wọn ò fọwọ́ kan márígóòdù, òórùn ẹ̀ ò bá wọn lára mu, wọn ò sì fọwọ́ kan vinca ẹyọ kan. Ẹranko lọ́gbọ́n: oró wà nínú vinca, láti inú ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yọ vincristine àti vinblastine tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kékeré máa fi í sẹ́nu.

Coleus tún rú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, gígé orí náà kúkú ni ewúrẹ́ bá mi ṣe. Zinnia ibẹ̀ ò padà wá. Mo fi vinca àti márígóòdù mọ odi sí ìdí géètì, zinnia wọ inú lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù kẹwàá: Màmá àti celosia

Mo ti ń kẹ́ celosia yìí bọ̀ láti ìgbà tí èèrà ti fẹ́ jẹ ẹ́ tán. Ó ti tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ewé ẹ̀ ń dán, ogbe ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ bíńtín bíńtín. Màmá wá sùn lọ́dọ̀ wa. Mo wẹ̀ tán láàárọ̀, mo jáde, mo bá wọn níwájú ilé pẹ̀lú ọpọ́n lọ́wọ́, ọpọ́n ti kún.

"Màmá! Fúláwà mi ni o!"

"Fúláwà wo? Ṣọkọ tẹ́ ẹ fẹ́ jẹ́ kó gbó sórí igi. Ta ló bí ẹ tó fẹ́ kọ́ mi ní ṣọkọ?"

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé wọ́n tọ̀nà. Celosia argentea ni ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, Celosia argentea náà ni fúláwà yìí, ìyá kan náà ló bí wọn, wọ́n kàn ṣa èyí fún ewé, wọ́n ṣa ìyẹn fún orí ni. Èmi ra kóró ṣọkọ nínú sáṣẹ́ẹ̀tì aláwòrán, mo fi ẹsẹ̀ tábìlì sínú omi nítorí ẹ̀. Ẹ̀fọ́ náà dùn, irọ́ ò dáa, wọ́n fi irú sí i, wọ́n fi pọ̀nmọ́ sí i. Mọ́kànlá ni wọ́n já lórí. Àwọn tí wọn ò já yọ ogbe ńlá kọ̀ọ̀kan, wínní wínní bí àrán, àwọn tí wọ́n já yọ kéékèèké mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn àlejò yin kéékèèké yẹn ju ńlá lọ, mi ò sì sọ fún Màmá.

Sátidé kejì oṣù kọkànlá

Òjò ti lọ. Mo ń bomi rin wọ́n láago mẹ́fà àárọ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìdí igi nìkan, torí zinnia tí omi bá ń wà lórí ewé ẹ̀ lálẹ́, àrùn ewé á tètè mú un. Ìyẹ̀fun funfun kan ti bo àwọn méjì kan bí ẹni pé wọ́n ta èlùbọ́ sí i, mo já ewé wọn sọnù kílẹ̀ tó mọ́.

Gbogbo ẹ̀ tanná. Mi ò ní ròyìn ẹ̀ púpọ̀, fọ́tò wà, aṣọ ẹbí aláwọ̀ ọsàn bá márígóòdù mu bí ẹni pé a jọ rà wọ́n. Àwọn èèyàn yà fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ celosia. Ṣùgbọ́n tannápoṣó di rúgúdù láti àárọ̀, ó káwọ́ gbera, Màmá sì ń wò ó lọ́nà kan ṣá, wọn ò bi mí nǹkan kan. Ó di bí aago márùn-ún, ìlù ń lọ lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí là. Pupa, yẹ́lò, àwọn kan pupa àti yẹ́lò lójú ewé kan náà. Màmá gbé àga wọn kúrò lábẹ́ kánópì, wọ́n lọ jókòó sídìí ìbẹ́pẹ. Ìyá Ìbejì lọ bá wọn, wọ́n jọ fọ́ kóró, wọ́n fi kun ara wọn lójú, ẹni àádọ́rin ọdún àti ẹni tó sún mọ́ ọn.

Àǹtí mi kan ṣẹ́ ẹ̀ka coleus, wọ́n fi tíṣù tútù wé e, wọ́n tì í bọ pọ́ọ̀sì. Mo rí wọn. Mo ní kí wọ́n gé e lábẹ́ oríkèé.

Oṣù kejìlá

Ìgbà kóró ti dé. Zinnia àti márígóòdù, mi ò já wọn nígbà tí wọ́n ṣì tutù, mo jẹ́ kí orí wọn gbẹ sórí igi títí wọ́n fi di awọ̀ ìyẹ̀pẹ̀, mo wá já a, mo tú u sórí bébà nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan. Kóró márígóòdù rí bí abẹ́rẹ́ dúdú tó ní irun funfun nídìí. Ẹ má kó wọn sínú ọ̀rá, ọ̀rinrin ara wọn á bà wọ́n jẹ́, bébà ni. Àpòòwé tí wọ́n fi kówó fún Màmá níjọ́ yẹn ni mo lò, ó ṣì kù rẹpẹtẹ, lára òmíràn wọ́n kọ "ẹ̀mí gígùn" sí, mo kọ "zinnia, pupa" sábẹ́ ẹ̀.

Mi ò sì mọ̀ bóyá pupa ló máa jẹ́. Kòkòrò ti gbé ìyẹ̀ láti ara èyí lọ sára ìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Márígóòdù tún wá jẹ́ pé F1 ni wọ́n kọ sára sáṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn àdàlù oríṣi méjì, ọmọ ẹ̀ kì í jọ ọ́. Ẹ̀ka ni kì í parọ́: ẹ̀ka coleus tí Ìyá Ìbejì fún mi, ojú ẹ̀ náà ló ṣì wà lára gbogbo ọmọ ẹ̀. Àní wọ́n ti jẹ́ kí n gé ti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn báyìí, ẹyọ kan, ó wà nínú yanrìn lórí wíńdò ilé ìdáná.

Ọyẹ́ ti dé, cosmos ti kú pátápátá, mo ti fà wọ́n tu. Láàárọ̀ yìí mo rí zinnia kan tó hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, níbi tí omi ìfọṣọ ń gbà, níbi tí èmi ò gbin nǹkan kan sí. Ó ti ní ewé mẹ́rin.